Àpótí wúfà inú mọ́tò: má jẹ́ kí káfíńtà ṣe "irú ti ọjọ́sí" fún ẹ

Ọmọkùnrin kan láti Mọpà ló béèrè, mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, okun o. Mo ra wúfà 12 inches kan, tuntun ni, inú páálí ẹ̀ ló ṣì wà. Ámúpù mi 500 watts. Corolla 2005 ni mò ń wà, òun náà ni mo fi ń kó ọjà láti Lọ́kọ́jà wá sílé, ọjọ́ míì búùtù á kún dẹ́nu. Gospel tó ní gángan nínú ni mò ń gbọ́ jù, àti jùjú. Riwáyà mi ní kí n lọ ra àpótí tó ti wà nílẹ̀ lọ́jà, èyí tó ní gíláàsì níwájú tí iná aláwọ̀ ń tàn nínú ẹ̀. Káfíńtà àdúgbò wa ní kí n má dààmú, òun ti kan irú ẹ̀ fún ẹnì kan lọ́jọ́sí, irú ẹ̀ náà lòun á kàn fún mi. Èwo ni kí n ṣe, oníhò, èyí tó ní ihò afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí ihò wúfà, àbí èyí tí wọ́n dí pa?" Ó ya fọ́tò pépà inú páálí mọ́ ọn: Fs 30, Qes 0.5, Qts 0.45, Vas 50 lítà.

Okun, àbúrò mi. O ṣeun tó ò ju pépà yẹn nù, nítorí nínú ẹni mẹ́wàá tó ń gbé wúfà wá bá mi ní Kàbbà níbí, bóyá ẹyọ kan ló máa ń mú pépà ẹ̀ dání, àwọn tó kù á ní ọmọ àwọn ti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Pépà yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè ẹ. Káfíńtà ẹ ò lè mọ àpótí tó yẹ ẹ́ láìrí i, riwáyà náà ò lè mọ̀ ọ́n, èmi pàápàá ò lè mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ n sọ ìdí tí wúfà fi nílò àpótí rárá, torí ọ̀pọ̀ rò pé kó lè dúró dáadáa nínú búùtù ni. Wúfà ojú méjì ló fi ń lù. Bí awọ ẹ̀ ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ lásìkò kan náà, tí méjèèjì bá wá pàdé wọ́n á pa ara wọn. Gbé e kalẹ̀ lásán láìsí àpótí, tan orin sí i, wàá rí i tó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, básì ò sì ní dé etí ẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àpótí ń ṣe ni pé ó ń há ohùn ẹ̀yìn mọ́lé. Iṣẹ́ kejì ni pé afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ dà bíi sípíríìnì lẹ́yìn awọ wúfà: àpótí tó kéré jù, sípíríìnì á le koko, básì á máa dún gbùmù gbùmù lórí nóòtì kan ṣoṣo, àpótí tó tóbi jù, sípíríìnì á dẹ̀, wúfà á máa sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Wúfà kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí tiẹ̀ ṣe fẹ́ kí sípíríìnì yẹn le tó, ìdí nìyẹn tí "irú ti ọjọ́sí" ò fi lè ṣiṣẹ́ fún ẹ, àfi tí wúfà onítọ̀hún àti tìẹ bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Àwọn nọ́ḿbà inú pépà ẹ ló ń sọ ìyẹn. Thiele/Small ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ èèyàn méjì ni. Neville Thiele ní Ọsirélíà ló gbé ìṣirò àpótí oníhò jáde ní 1961, Richard Small wá ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ lé e lórí ní yunifásítì Sydney ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àtìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń lò ó. O ò nílò kó o mọ gbogbo ẹ̀. Mú Fs (nóòtì tí wúfà fúnra ẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n sí), pín in pẹ̀lú Qes (bí mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe ń kó o níjàánu): 30 pín pẹ̀lú 0.5 jẹ́ 60. Tí ohun tó jáde bá wà lábẹ́ 50, àpótí dídí pa ni wúfà yẹn fẹ́, tó bá sún mọ́ 100 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníhò ló fẹ́. Tìẹ wà láàárín, ó lè gbé inú èyíkéyìí. Ọwọ́ ẹ ló kù sí.

Tí mo bá jẹ́ ìwọ, mo máa dí i pa, kì í sì í ṣe torí pé ó rọrùn láti kàn nìkan. Gángan lo sọ pé ò ń gbọ́, gángan ò sì fẹ́ básì tó ń fà lẹ́yìn. Ó ní bó ṣe ń wọlé tó sì ń dáké kíá, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, tí àpótí bá wá ń gbá a mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú àmù, ẹwà ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àpótí dídí máa ń tètè dáké. Àpótí oníhò á pariwo jù ú lọ lóòótọ́, pàápàá ní àyíká nóòtì tí wọ́n ṣètò ihò ẹ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo gáréèjì mọ̀ pé òun ti dé, oníhò ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ nóòtì yẹn ohùn ẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ìlọ́po méjì bí ti àpótí dídí ṣe ń já, wúfà náà á sì máa jù síwá sẹ́yìn láìsí ohun tó dì í mú, ibẹ̀ ni wúfà ti máa ń bàjẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kan àpótí fún pálọ̀ kì í rò mọ́ ọn. Inú mọ́tò kéré, tí básì bá ti wá sílẹ̀ tó bíi 60 hertz (hertz ni wọ́n fi ń ka bí ohùn ṣe ga tàbí bó ṣe wálẹ̀ tó), inú mọ́tò fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè, bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni ó ń gbé e sí i. Àpótí dídí ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, mọ́tò ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí àpótí kékeré tí ò jọ nǹkan kan nílẹ̀ á fi wọnú Corolla tí básì ẹ̀ á wálẹ̀ bí ẹni pé ó tóbi. Ó sì tún fi ààyè sílẹ̀ nínú búùtù fún ẹrù ẹ, ọ̀rọ̀ ajé sì kọ́kọ́ jù ọ̀rọ̀ orin lọ.

Ti àpótí onígíláàsì tí riwáyà ẹ ń sọ, gbàgbé ẹ̀. Kì í ṣe pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ò dáa tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ fún wúfà kan pàtó, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́jà, ta ni wọ́n ṣe é fún? Òun ló tún nira jù láti ṣírò nínú gbogbo wọn, torí yàrá méjì ló ní. Ó sì ní àrékérekè kan: kì í jẹ́ kí èèyàn tètè gbọ́ ọ tí wúfà bá ti ń jìyà, o máa rò pé ó ń gbádùn ni títí òórùn kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú wúfà, tó jóná á fi kún mọ́tò.

Ó dáa, ká wá kàn án. Fún àpótí dídí, nọ́ḿbà tí mo ń lé ni 0.707, ìyẹn ohun tí Qts wúfà máa dà tó bá ti wọnú àpótí tán, ibẹ̀ ni básì ti máa ń tẹ́jú jù. Mú 0.707, pín in pẹ̀lú Qts ẹ (àpapọ̀ gbogbo ìjánu wúfà) tó jẹ́ 0.45, ó jẹ́ 1.57. Sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, ó di bíi 2.47. Yọ 1 kúrò, ó ku 1.47. Fi pín Vas ẹ (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí sípíríìnì ẹ̀ le tó ti wúfà fúnra ẹ̀), ìyẹn 50, ó jẹ́ lítà 34. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó kù nínú àpótí nìyẹn lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti wọlé tán. Ara wúfà fúnra ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì àti irin ẹ̀yìn ẹ̀, á gba bíi lítà 3, igi tí a máa fi há àárín á gba bíi 1. Nítorí náà lítà 38 ni a máa kàn. Inú 40 sẹ̀ntímítà ní gígùn, 34 ní gíga, 28 láti iwájú dé ẹ̀yìn: sọ wọ́n di púpọ̀, pín in pẹ̀lú 1,000, lítà 38 gééré.

INÚ ni mo wí o. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fi etí sí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ, torí ibẹ̀ lèmi náà ti jìyà. Àpótí kejì tí mo kàn láyé mi, awakọ̀ tákísí kan ló ni ín, mo ṣírò gbogbo ẹ̀ lórí ìwé, mo ya àwòrán, mo kọ nọ́ḿbà sí i gàdàgbà, mo gbé e fún káfíńtà mo sì lọ síbi ìnáwó. Nígbà tí mo dé, ó ti kàn án tán, ó dán, rọ́ọ̀gì ti wà lára ẹ̀, a gbé e sínú mọ́tò ó ń dún bí ẹni ń lu garawa. Mo fura sí ámúpù, mo fura sí wúfà, mo tú wáyà, ọjọ́ kẹta ni mo tó mú tépù tì í bọnú ihò wúfà tí mo rí i pé káfíńtà fi nọ́ḿbà mi wọn ìta. Pákó MDF tí a ń lò nípọn 1.8 sẹ̀ntímítà, ẹ̀gbẹ́ méjì, 3.6 lọ́tùn-ún lósì, 3.6 lókè nísàlẹ̀, 3.6 níwájú lẹ́yìn. Ká ní tìẹ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, tí wọ́n fi 40 àti 34 àti 28 wọn ìta, inú á di 36.4, 30.4, 24.4, lítà 27 nìyẹn, yọ 4 ti wúfà àti igi, ó ku 23. Lítà 11 ti wọ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní fojú rí i. Mi ò bínú sí káfíńtà yẹn, èmi ni mi ò kọ "inú" sí i. Owó pákó kejì, àpò mi ló ti jáde.

Nítorí náà má tiẹ̀ sọ ti inú fún káfíńtà ẹ rárá, ìwọ̀n pákó tí yóò gé ni kó o gbé fún un. Iwájú àti ẹ̀yìn, méjì, 43.6 ní 37.6. Òkè àti ìsàlẹ̀, méjì, 43.6 ní 28. Ẹ̀gbẹ́, méjì, 34 ní 28. Òkè àti ìsàlẹ̀ á jókòó lé ẹ̀gbẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn á wá bò gbogbo wọn. Sọ fún un kó lo ojú sẹ̀ntímítà lára tépù, torí ínǹṣì ló mọ́ wọn lára, tó bá sì ti ń yí i padà sí ínǹṣì lórí ahọ́n, á já ìdajì sẹ̀ntímítà níbí, á já ìdajì lọ́hùn-ún. Ìdajì pákó MDF kan ti tó, wàá tún rí àjẹkù fi há àárín. Kí o tó gé ohunkóhun, ṣí búùtù ẹ, wọn ẹnu ẹ̀, kó o sì wo àwọn irin tó tẹ̀ tó gbé ìdérí búùtù dúró, wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú tó o bá ti pa á dé, mo ti rí ibi tí irin yẹn ti fọ́ orí àpótí tuntun lọ́jọ́ kìíní.

Pákó wo? Káfíńtà á ní òun ní arère tó ti gbẹ dáadáa nílé. Má gbà. Igi gidi máa ń mí, tí ọyẹ́ bá ti dé sílẹ̀ wa níbí, tí ètè ẹ bá ń là, pákó náà ń là, ibi tó bá sì ti là ni afẹ́fẹ́ á ti máa jáde. MDF 18 milimítà ni mo fẹ́, ó wúwo, kì í kọrin tẹ̀ lé orin. Àléébù ẹ̀ ni omi, tí omi bá ti wọ etí ẹ̀ á wú bí búrẹ́dì inú tíì, torí náà tí rọ́bà etí búùtù ẹ bá ń jò, tún ìyẹn ṣe kó o tó ná owó kankan, tàbí kó o lo plywood 18 tó dáa, èyí tí inú ẹ̀ ò ní ihò. Plywood tín-ínrín tí wọ́n fi ń ṣe sílíìnì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Gọ́mù funfun káfíńtà ló ń di àpótí mú, skúrù kàn ń mú un jókòó títí gọ́mù á fi gbẹ ni. Kó fi gọ́mù kún gbogbo etí títí tó fi ń sun jáde, kó fi dírílì lu ihò tín-ínrín kó tó ki skúrù bọ̀ ọ́, torí etí MDF tètè máa ń là. Kó má lo ìṣó. Fi pákó àjẹkù kan há láti iwájú dé ẹ̀yìn nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúfà. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá fi sílíkọ́ọ̀nù fa gbogbo igun inú, kó o tún fi sílẹ̀ kí òórùn ẹ̀ lọ tán kó o tó de wúfà mọ́ ọn. Òwú inú pílò, díẹ̀, fọ́n ọn sínú, á jẹ́ kí àpótí ṣe bí ẹni pé ó tóbi díẹ̀ sí i. Má kì í bí ẹni ń di àpò òwú.

Lẹ́yìn náà lo máa wá ìjò. Rọra fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti awọ wúfà wọlé, tú u sílẹ̀: tí àpótí bá dí, á rọra padà bọ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, tó bá ta padà lójú ẹsẹ̀, ó ń jò. Láti mọ ibi tó ti ń jò, èmi kọ́ìlì ẹ̀fọn ni mo ń lò. Tan kọ́ìlì, jẹ́ kí èéfín ẹ̀ máa lọ sókè tààrà níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́, tan orin tó ní básì díẹ̀, kó o wá máa gbé kọ́ìlì náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé pákó, ní ìdí ibi tí wáyà ti wọlé, ní etí wúfà. Ibi tí èéfín yẹn bá ti ń gbọ̀n pẹ̀lú básì, ibẹ̀ ni. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó tó ìgbà méje tó máa ń jẹ́ ìdí wáyà, torí gbogbo èèyàn ló máa ń rántí igun tí wọ́n sì máa gbàgbé ihò wáyà.

Tó o bá wá gbọ́ gbogbo èyí tó o ṣì sọ pé ariwo ló wù ẹ́, ó dáa, ọmọdé lo jẹ́, mo gbà. Àpótí oníhò fún wúfà yìí, lítà 50 ni kó ṣẹ́ kù, kí nóòtì tí wọ́n ṣètò ihò ẹ̀ sí sì jẹ́ 35 hertz. Àwòrán kan náà ni, gígùn nìkan ló yàtọ̀: inú 60 dípò 40, gíga 34, jíjìn 28, ó jẹ́ lítà 57, wúfà gba 3, páìpù gba 3, igi gba 1. Páìpù omi 4 inches, èyí tí àwọn pọ́mbà ń lò, inú ẹ̀ tó bíi 10 sẹ̀ntímítà, gé e sí 31 sẹ̀ntímítà. Jíjìn 28 ò lè gba páìpù 31 láti iwájú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni kó ti wọlé, kó sùn gbọọrọ, kí wúfà wà ní apá kejì iwájú, kí ẹnu páìpù lóde má fi ara ti ara búùtù, fi ó kéré tán 10 sẹ̀ntímítà sílẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá wọn ìta dípò inú níbí, 35 yẹn á di 42, gbogbo orin á máa dún nóòtì kan náà. Tan sísẹ́ tí wọ́n kọ subsonic sí lára ámúpù ẹ, èyí tó ń dí ohùn tó wálẹ̀ jù lọ́nà, fi sí bíi 27, tí ámúpù ẹ ò bá ní in, a jẹ́ pé Ọlọ́run ló ní kó o di àpótí ẹ pa.

Ìyókù ò pọ̀. Àpótí dídí yìí nìkan á tó kílò 11 kó tó di pé wúfà wọnú ẹ̀, ọ̀nà wa yìí náà sì ni a jọ ń rìn, kọnkéré Ọbájànà sí Kàbbà ń yọ̀ lóòótọ́ àmọ́ èyí tó kù o mọ̀ ọ́n jù mí lọ, torí náà fi bẹ́líìtì tàbí bóòtì dè é mọ́ ilẹ̀ búùtù, bí mọ́tò bá ṣẹ́ bíréèkì kò gbọdọ̀ di òkúta lẹ́yìn orí ẹ. Kọ ojú wúfà sí ẹ̀yìn mọ́tò, kó o fi àwọ̀n irin bò ó, torí ọjọ́ kan páálí mílíìkì á bọ́ lé e. Ámúpù 500 watts tí kì í ṣe irọ́ lè fa 40 sí 60 ampere tí orin bá le, wáyà gauge 4 tó jẹ́ bàbà gidi ni kó o rà. Fi ọ̀bẹ ha á ní ṣọ́ọ̀bù, tí inú ẹ̀ bá funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kun ní bàbà ni, má san owó bàbà lé e. Fíúsì 60 gbọ́dọ̀ wà nídìí bátìrì, kó má ju 45 sẹ̀ntímítà sí i, kì í ṣe nídìí ámúpù bí àwọn riwáyà kan ṣe ń ṣe é, torí wáyà tó kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ ni fíúsì yẹn ń ṣọ́. Fi low-pass, sísẹ́ tó ń jẹ́ kí básì nìkan kọjá, sí 80 hertz. Gain kì í ṣe fọ́líọ́ọ̀mù, má yí i dé ìparí. Gbé rédíò sí bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, yí gain sókè títí ohùn á fi fẹ́ máa ya, kó o dá a padà díẹ̀.

Tó o bá ti gé pákó tán, kó o tó po gọ́mù, to gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ lásán kó o wọn inú ẹ̀ fúnra ẹ, 40, 34, 28. Má gba ọ̀rọ̀ káfíńtà gbọ́, má gba tèmi náà gbọ́, tépù ni kó o gbà gbọ́.